Ìwé Tí Mo Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Baba Kọntéénà

Mọ́ńdè, Fẹ́búárì 3, 2025

Èmi rèé o. Tàófíìkì ọmọ Yemẹtu. Èmi náà ti ń kọ ìwé ojoojúmọ́ bí ọmọ òyìnbó.

Prof ló ní kí n máa kọ ọ́. Prof ni Ayọ̀mipọ̀ tá a jọ ń gbé yàrá kan níbí ní North York, Canada. Ó ń ka Master's, gíláàsì ló máa ń wọ̀ sùn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ lọ business school gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kọ, pé kí n máa kọ díẹ̀díẹ̀. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n Yorùbá ni màá fi kọ ọ́. Òyìnbó tèmi, ẹnu ló wà, kò tíì dé ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Sùkúù kan wà nítòsí ibi tí Prof ti ń kàwé. Bùsínẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni. Wọn ò bèèrè digírí. Wọn ò tiẹ̀ bèèrè WAEC — ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, torí èmi àti WAEC ò ríra rí, SS1 ni mo ti sọ fún wọn pé ó dàbọ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé ṣé o ti ṣiṣẹ́, kí ọ̀gá ẹ sì kọ̀wé pé òótọ́ ni, èèyàn gidi ni ẹ́. Máàṣì 14 ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́? Èmi? Ta ló ń to kọntéénà tó mi ní gbogbo Milton tí mo ti ń ṣiṣẹ́? Gbé ọkọ̀ wá, gbé fíríìjì, gbé mátírẹ́ẹ̀sì, gbé dúrọ́ọ̀mù tó kún fún ọṣẹ àti ṣúgà. Màá tò wọ́n wọnú kọntéénà kan, àyè á tún kù tí màá fi jókòó jẹun.

Ìwé ọ̀gá ló kù. Ọ̀gá mi sì ni Baba Kọntéénà.

Ọ̀la ni màá bèèrè.

Túsìdeè, Fẹ́búárì 4

Mi ò bèèrè. Forklift kọ̀ṣẹ́, inú ń bí Baba.

Tọ́sìdeè, Fẹ́búárì 6

Yìnyín bolẹ̀ dé orúnkún. Bọ́ọ̀sì ò dé. Mo dúró síbẹ̀, imú mi ti di ti ẹlòmíì, mo wá ń rántí ọyẹ́ ilé. Ọyẹ́ tí mo máa ń bú nígbà yẹn! Ọyẹ́, jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò mọ̀ pé ọmọlúàbí ni ẹ́.

Mi ò tíì bèèrè. Kí n kọ́kọ́ kọ Baba Kọntéénà sílẹ̀ dáadáa, kí n lè bú u dáadáa. Alhaji Múrítàlá lorúkọ ẹ̀. Ó ní warehouse ní Milton, ibẹ̀ ló ti ń kó ẹrù àwọn èèyàn wa wọ kọntéénà lọ Èkó. Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ò tíì pe "o ṣeun" rí. Tí mo bá to ẹrù tán, ó máa wọlé, á fọwọ́ ti dúrọ́ọ̀mù wò bóyá ó ń mì. Kò ní mì. Á wá ní, "Òpònú, ti ilẹ̀kùn." Ìyẹn ni pé inú ẹ̀ dùn o.

Bó ṣe máa ń fọwọ́ ti nǹkan wò yẹn — Ọ̀gá Adégòkè náà nìyẹn. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́, rewáyà ní Ìwó Road n'Íbàdàn. Iná ọkọ̀ ni mo kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Tó o bá so wáyà tán, ó máa fi ìka kan fà á, pẹ́lẹ́. Tó bá já, ìgbájú. Tí ò bá já, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Gbàm! Gbàm yẹn dùn létí mi ju kí òyìnbó pariwo "good job" títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Òórùn ẹ́ńjìn óìlì tí oòrùn ti pa. Ìyá Onídòdò tó máa ń gbé igbá kọjá lọ́sàn-án. Inú bébà kan náà la ti ń jẹ ẹ́, ọwọ́ gbogbo wa dúdú fún gíríìsì. Kò sí ẹni tínú run. Níbí, mo máa fọwọ́ títí, inú á tún máa run mí.

Sátidé, Fẹ́búárì 8

Mo bèèrè. Àbí kí n sọ pé mo dá wàhálà sílẹ̀.

Baba ń mu tíì lórí àga ẹ̀ tó ti já lẹ́yìn tí ò jẹ́ ká jù nù. Mo dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe tán-ań-tán, ilẹ̀ tutù. Mo ní, "Alhaji, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi kọ ìwé kan."

"Ìwé kí ni?"

"Ti sùkúù ni, sà. Kẹ́ ẹ sọ irú èèyàn tí mo jẹ́."

"Irú èèyàn tó o jẹ́? Kí n sọ òótọ́?"

"Ẹ kàn yìn mí díẹ̀, sà."

Ó gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀. "Kí n yìn ẹ́. Èmi Múrítàlá. Wọ́n máa ń yin ọmọ lójú ọmọ níbi tí wọ́n bí ẹ sí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni wọ́n ń kọ́ọ̀yàn ní sùkúù ọ̀hún. Mo ní bùsínẹ́ẹ̀sì. Ó ní, "Èyí tá à ń ṣe níbí ńkọ́, bọ́ọ̀lù là ń gbá?"

Nàfísàt, ọmọ ẹ̀ tó ń mójú tó ọ́fíìsì, gbójú sókè lẹ́yìn láptọ́ọ̀pù: "Daddy, it's just a form." Baba ní òun ń lọ kírun Àlàásárì. Ó pẹ́ lórí ẹní. Ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ.

Nígbà tó jókòó padà, ó ní, "Ìwọ nìkan lo dá wá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún mi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ó kàn ń mi orí.

Sọ́ńdè, Fẹ́búárì 9

Mo pe Màámi. Iná ò sí ní Yemẹtu, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń bú ramúramù. Ariwo tí mo fẹ́ máa sá fún tẹ́lẹ̀, mo fi fóònù há etí, mò ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ wáàsí.

Mo rojọ́ tán. Wọ́n ní, "Tàófíìkì, ta lo mú dání lọ?"

Mo ní, "Màámi, Canada nibí."

Wọ́n ní, "Ṣé Canada ni Alhaji yẹn ti wá?"

Ọ̀rọ̀ parí.

Mo wá rántí ọjọ́ tí wọ́n mú èmi fúnra mi lọ fún Ọ̀gá Adégòkè. Bàbá mi ṣì wà láyé. Àwọn àti àwọn àgbà ilé méjì, gbogbo wọn nínú agbádá lábẹ́ oòrùn, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò olóìlì. Bàbá mi fi ọwọ́ mi sínú ọwọ́ Ọ̀gá. Wọ́n ní, "Ẹ nà án o. Ẹ ṣáà fi ojú ẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ojú yẹn ló jọ tèmi." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sunkún, mo bá ń rẹ́rìn-ín náà.

Èèyàn ló ń mú èèyàn wọlé. Bí mo ṣe wá gbàgbé ìyẹn, mi ò mọ̀. Otútù ti wọ ọpọlọ.

Mo ti pe Auntie Shukurat, àbúrò Màámi tó wà ní Springdale. Wọ́n ní Sátidé.

Sátidé, Fẹ́búárì 15

Auntie Shukurat wá. Wọ́n gbé páálí dàbínù kan wá àti mọ́ọ̀tì, wọ́n ní a kì í lọ́wọ́ òfìfo lọ bá àgbà.

Auntie mi yìí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, dókítà òyìnbó ń yà fún wọn lọ́nà. Wọ́n kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì warehouse. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lọ́tẹ̀ yìí, imú mi kan ilẹ̀.

Wọ́n ní, "Alhaji, ọmọ yín la tìtorí ẹ̀ wá. Ó ti sìn yín, ó ti gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ bá wa fọwọ́ sí i fún un, kó lè tẹ̀síwájú."

Baba wo dàbínù. Ó wò mí nílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ohun tẹ́ ẹ bá wá nìyẹn?"

"Òun ni, sà."

"Ṣé ó rò ó dáadáa?"

"Ó rò ó, sà. Kò sùn."

Irọ́ ni o, mo máa ń sùn bí igi.

Baba ní, "Ẹ dìde. Mo ti gbọ́. Ó ku díẹ̀ tí mi ò tíì fi hàn án." Ó mú dàbínù kan, ó jẹ ẹ́, ojú ẹ̀ pọ́n díẹ̀. Otútù ni.

Mo sin Auntie dé ìdí ọkọ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀gá ẹ fẹ́ràn ẹ." Mo ní Auntie, òpònú ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ni ọkọ mi ń pè mí?"

Wẹ́sìdeè, Fẹ́búárì 19

Sùkúù ti fi link ránṣẹ́ sí email Baba. Nàfísàt ló ń bá a ṣí email. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níwájú Baba bí ẹni tó fẹ́ díje fún káńsílọ̀.

Sátidé, Fẹ́búárì 22

Baba fẹ́ fi iṣẹ́ pa mí. Ìyà ni, mo mọ̀. Torí ìwé.

Tẹ́lẹ̀, tó bá fẹ́ bá àwọn ẹni ẹ̀ ní Apápá sọ̀rọ̀, ó máa lé mi jáde, "lọ gbálẹ̀." Láti ọ̀sẹ̀ yìí, ó ní kí n jókòó. Ó fi ìwé ọkọ̀ ojú omi hàn mí, bí wọ́n ṣe ń kà á, ibi tí wọ́n máa ń fi wàhálà pamọ́ sí. Ọkọ̀ wo ló máa ń pẹ́ lójú omi. Ohun tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà tí ẹrù ẹ̀ sọnù: "Má tọrọ àforíjì lórí fóònù. Wọ ọkọ̀, lọ bá a nílé, jẹ́ kó bú ẹ lójú." Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Orí ni kó o fi gbé e."

Ó tún pe àwọn Apápá, ó gbé fóònù lé mi létí. Ó ní kí wọ́n gbọ́ ohùn mi. "Tí ohùn yìí bá pè yín, èmi ni mo pè yín."

Mo ní, Alhaji, kọntéénà ń dúró dè mí níta o.

Ó ní, "Jókòó, òpònú."

Orí ń fọ́ mi. Àṣé ìwé tí mo fẹ́ gbà, orí mi ni wọ́n máa kọ ọ́ sí.

Sátidé, Máàṣì 1

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fóònù ló jí mi sàárì. Tìn-ìn, tìn-ìn, bí ìgbà tí oúnjẹ bá gbóná tán nínú microwave.

Ní Yemẹtu, àwa ọmọdé la máa ń jí àdúgbò. Agolo mílíìkì, ìdérí ìkòkò, a ó máa lù wọ́n kiri. Èmi ni wọ́n máa ń tì síwájú torí ohùn mi burú, àwọn èèyàn máa ń tètè dìde kí n lè dákẹ́. Alhaja Hàlímátù ojúlé kejì máa ń da omi lé wa lórí láti òkè. Tó bá dàárọ̀ ọjọ́ Ìtúnu, á pe gbogbo wa, á fún wa ní mọ́ínmọ́ín, á ní, "Ẹ̀yin olè inú òkùnkùn, ẹ ṣeun." Wọ́n ti kú. Màámi ló sọ fún mi lórí fóònù, èmi sì wà nínú bọ́ọ̀sì Milton, mi ò lè sunkún, àwọn èèyàn ń wò mí.

Prof dìde bá mi jẹ sàárì. Kìrìsìtẹ́nì ni o. Ó ní òun kàn fẹ́ bá mi kẹ́dùn. Ó jẹ ìrẹsì jù mí lọ, ó sì tún jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Irú ìbákẹ́dùn wo nìyẹn?

Wẹ́sìdeè, Máàṣì 5

Ó TI LỌ! Nàfísàt ní Baba jókòó tì òun, ó ń sọ, òun ń tẹ̀. Wọ́n ti fi ránṣẹ́. Mo jó yí forklift ká. Mo ní kí ló sọ nípa mi? "Not telling you. Go and load."

Màá sọ fún yín, ẹ̀yin ará Ìwó Road: ọmọ yín ń bọ̀ wá wọ táì.

Fúráìdè, Máàṣì 7

Ó ní rárá.

Baba Kọntéénà. Ó ní rárá.

Nàfísàt ló bọ́ mọ́ lẹ́nu lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó jẹ́ n gbọ́ oríkì mi. Ó ní, "He said nice things, Tao. But the last question — I argued with him, I swear." Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nínú form ọ̀hún: tí ọ̀gbẹ́ni yìí bá padà wá, ṣé ẹ máa gbà á síṣẹ́? Nàfísàt kà á fún Baba. Baba ní rárá. Ó ní, Daddy, ó máa ṣàkóbá fún un. Baba ní kó tẹ rárá. Ó ní kí ló dé. Baba ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. "He was almost shouting." Ó ti lọ, wọn ò lè fà á padà.

Ta ló ń da omi gbígbóná sí ilẹ̀kùn kọntéénà tó dì? Tàófíìkì. Ta ló gbé fíríìsà ìyá kan láti basement gòkè ní Springdale, tí ìyá náà ní "fara balẹ̀, ẹran wà nínú ẹ̀"? Tàófíìkì! Ta ló mú oníbàárà wá láti mọ́sáláṣí, láti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, láti orí WhatsApp, títí kan ọkùnrin tó wá bi mí lọ́nà pé níbo ni bọ́ọ̀sì wà? Èmi yìí. Wọ́n á rí "rárá" yẹn ní sùkúù, wọ́n á ní olè ni. Ọ̀gá wo ni ò ní gba ọmọ ẹ̀ padà àfi tọ́mọ bá jalè?

Mo gbé ìbọ̀wọ́ mi, mo jáde. Mi ò kí i. Mo pè é ní orúkọ kan lọ́kàn mi tí mi ò lè kọ síbí nínú Ràmàdáànì.

Sátidé, Máàṣì 8

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Fóònù wà ní pípa.

Mo sùn sílẹ̀, mò ń wo òkè àjà, ojú mi ń rí Ìwó Road.

Fíríìdọ̀mù Dúrósinmí. Ẹ̀gbọ́n wa lọ́dọ̀ Ọ̀gá Adégòkè ni, ó kọ́ṣẹ́ parí, Ọ̀gá fẹ́ tú u sílẹ̀. A fọ ṣọ́ọ̀bù, a da yanrìn bo óìlì ilẹ̀. Dúró wọ funfun. Èèyàn ò mọ̀ ọ́n mọ́, àfi bí ọkọ ìyàwó. Ó kúnlẹ̀ lórí àpò, Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń gbàdúrà, àdúrà náà gùn débi pé ìrẹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù. Ó ṣí àtíkè, ó dà á lé Dúró lórí, àtíkè bò ó lójú, ẹkún sì la ọ̀nà méjì gba inú ẹ̀ kọjá. Ọ̀gá tó máa ń gbá wa létí, ó ń fi etí agbádá nujú ara ẹ̀.

Mo sọ fún ara mi lọ́jọ́ yẹn pé tèmi máa ju báyìí lọ. Màá gbàlejò, màá yan, màá da àtíkè sórí ẹni tó bá kọjá lọ́nà.

Èmi ló kàn. Ìjọba bá ní ọ̀nà máa gba ibẹ̀ kọjá. Katakata dé láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù ti di pẹrẹsẹ. Ọ̀gá ń wá tẹ́sítà ẹ̀ nínú èérún bíríkì. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, tí òjò bá dé, iṣẹ́ tán. Àwa ọmọ iṣẹ́ fọ́n ká. Bí mo ṣe dé Canada, ìyẹn wà láàárín èmi àti Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Mo jáde lẹ́nu iṣẹ́ yẹn bí ẹni bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ò tíì dúró.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé. Ọ̀gá kejì tún rèé tí ò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Túsìdeè, Máàṣì 11

Sùkúù ní kí n wá Tọ́sìdeè, wọ́n fẹ́ bi mí ní nǹkan. Prof ní ó dáa. Mo ní Prof, o ò mọ nǹkan kan. Wọ́n kàn fẹ́ rí ojú olè ni.

Tọ́sìdeè, Máàṣì 13

Kí n kọ ọ́ kó tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo wọ kóòtù Prof. Apá ẹ̀ kúrú, mo ká ọwọ́ mi pọ̀ bí ẹni ń kírun. Obìnrin àgbà kan ló bá mi sọ̀rọ̀, gíláàsì ńlá — Màdáàmù Onígíláàsì. Ó bi mí nípa iṣẹ́. Mo sọ̀rọ̀. Wálàhí mo sọ̀rọ̀! Mo fi ọwọ́ to kọntéénà fún un lórí tábìlì, bírò ẹ̀ ni ọkọ̀, kọ́ọ̀bù ẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá yí láptọ́ọ̀pù. Ó ní ọ̀gá mi sọ nǹkan kan tó wọ òun lára. Ó kà á: pé òun máa ń fi kọ́kọ́rọ́ warehouse sílẹ̀ fún mi, òun á sì lọ sùn.

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún un kà. Ó tún un kà. Baba? Baba Kọntéénà?

Ó ní, ṣùgbọ́n kò yé òun. Ẹni tó sọ eléyìí náà ló tún ní òun ò ní gbà mí síṣẹ́ mọ́. Kí ló dé?

Ẹnu mi. Ẹnu tó lè ta yìnyín fún ará Yellowknife, níbi tí yìnyín ti pọ̀ bí yanrìn. Ó pa dé. Mi ò rí irọ́ kankan mú.

Mo ní, "Madam, make I call am." Kó tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ti pe Baba, mo ti fi sí speaker.

"Òpònú! Níbo lo wà látọjọ́ Jímọ̀? Ṣé kọntéénà máa ń to ara ẹ̀ ni?"

Màdáàmù sún àga sẹ́yìn.

Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, iwájú àwọn sùkúù ni mo wà. Wọ́n ń bi mí ìdí tẹ́ ẹ fi ní ẹ ò ní gbà mí síṣẹ́ mọ́."

Ó wá ní, "Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

"Èèyàn ẹ wá kúnlẹ̀ níwájú mi, wọ́n gbé dàbínù wá. Ìwọ náà dọ̀bálẹ̀. Kí lo rò pé wọ́n wá ṣe? Fíríìdọ̀mù lẹ wá gbà! Mo sì ti fún ẹ. Ohun tí mi ò fi han ẹnikẹ́ni rí, mo ti fi hàn ẹ́. Wọ́n wá bi mí bóyá màá tún gbà ẹ́ síṣẹ́. Ọ̀gá wo ló ń gbàdúrà pé kí ọmọ tí òun tú sílẹ̀ padà wá di ọmọ iṣẹ́? Kí n ṣépè fún ẹ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n tún rí ẹ nínú warehouse yìí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ó dìgbà tó o bá gbé ẹrù tìẹ wá."

Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe àmín.

Màdáàmù ní, kí ló sọ? Mo la ẹnu. Kò sí òyìnbó tó lè gbé e. Mo ní, "He say God forbid." Ojú ẹ̀ bàjẹ́. Mo ní rárá, wait, madam, wait! Mo bá bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ìwó Road. Ọ̀gá Adégòkè. Àtíkè. Bí Dúrósinmí ṣe ṣèèṣì padà wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì torí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti mọ ọ̀nà, tí Ọ̀gá sì fi ìgbálẹ̀ lé e: "Lọ wá ṣọ́ọ̀bù tìẹ! Mi ò lọ́mọ iṣẹ́ tó ń jẹ́ Dúrósinmí!" Báwo ni mo ṣe gbàgbé ìyẹn? Èmi tí mo dúró níbẹ̀, tí mò ń rẹ́rìn-ín? Mo sọ gbogbo ẹ̀, kò sí irọ́ kan nínú ẹ̀. Ara mi ń yún mi.

Baba ṣì wà lórí fóònù. Ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ṣé o ti ṣe tán? Títí màá fi gbé ọwọ́ lé ẹ lórí, ọmọ iṣẹ́ mi ṣì ni ẹ́. Wá to kọntéénà."

Màdáàmù yọ gíláàsì, ó ń nù ún. Ó pẹ́ kó tó nù ún tán.

Túsìdeè, Máàṣì 25

Wọ́n gbà mí. Oṣù Karùn-ún la máa bẹ̀rẹ̀.

Màámi pariwo débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Ó dùn.

Sátidé, Máàṣì 29

Ìṣínu ní warehouse. Auntie Shukurat se oúnjẹ wá, Prof wá, ó ní òun náà ń gbààwẹ̀ (irọ́). A gbá ilẹ̀. Mo wọ funfun. Mo bá ara mi lórí àpò, lórí ìkúnlẹ̀, láàárín kọntéénà méjì ní Milton.

Ọwọ́ Baba wúwo. Ó gbàdúrà, ó gbàdúrà, oúnjẹ tutù. Ó dárúkọ Bàbá mi, mi ò mọ̀ pé ó mọ orúkọ wọn. Auntie ló sọ fún un. Ó wá ní, "Ọ̀gá ẹ tó wà nílé ńkọ́? Kí lorúkọ ẹ̀?" Mo ní Adégòkè, sà. Ó ní, "Èmi àti Adégòkè la jọ tú ẹ sílẹ̀." Àtíkè bò mí lójú. Nàfísàt ń ya fídíò, ó ń sunkún, ó ní àtíkè ló kó sí òun lójú náà. Ó jìnnà sí mi gan-an.

Mo fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe.

Tọ́sìdeè, Éprílì 3

Ọdún Ìtúnu ti kọjá. Láàárọ̀ yìí, mo jí, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo bá ara mi ní ẹnu ọ̀nà warehouse pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ. Ẹsẹ̀ Dúrósinmí.

Baba rí mi. Mo rò pé ó máa gbé ìgbálẹ̀. Ó dìde lórí àga ẹ̀ tó já. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Kí la máa bá yín fi ránṣẹ́?"

Ẹ. Sà. Èmi. Mo wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀.

Mo fi ìbọ̀wọ́ sápò. Mo ní ohun tí mo bá wá nìyẹn o, ẹrù mi ń bọ̀. Mo lọ pe Prof, a lọ rajà. Nígbà tó di ọ̀sán, mo padà wá pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù kan, tèmi. Tápólì ńlá wà níbẹ̀, èyí tó lè bo abẹ́ igi máńgòrò nígbà òjò. Mítà iná ọkọ̀, tuntun. Ọṣẹ ìfọwọ́ tó ń ṣí gíríìsì. Agolo àtíkè tó ṣẹ́kù níjọ́ Sátidé, mo tì í bọ àárín gbùngbùn, kó má baà dà. Tí Ọ̀gá tó wà nílé bá ṣí i, ó máa yé e.

Baba dá iye. Mo ní ó ti wọ́n jù. Èmi tí mo máa ń lé àwọn tó bá ń náajà dé ojú títì! Mo ná an títí ó fi dijú. Ó ní orúkọ ta la máa kọ sí i lára. Mo ní Adégòkè Rewáyà, abẹ́ igi máńgòrò, Ìwó Road, Ìbàdàn. Ó ní lọ́wọ́ ta ló ti wá. Mo ní lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀.

Ó jẹ́ kí n gbé e wọnú kọntéénà fúnra mi. Ó wọlé tẹ̀ lé mi. Ó fọwọ́ tì í wò. Kò mì.

Mo ń dúró.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, oníbàárà." Ó sì ti ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé màá ṣàárò òpònú.